Òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó jáde nínú kànga mi: ṣé ó ṣe é fi dí ilẹ̀ ilé?

ỌmọPápá:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápáláńtò, lọ́nà tó lọ sí Ewékorò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn agbẹ́kànga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà yanrìn. Ìgbà tó di bí ẹsẹ̀ bàtà 30, dígà bẹ̀rẹ̀ sí í ró gbà, wọ́n ní àwọn ti kan òkúta. Òkúta yìí kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta o. Àwọ̀ eérú ni, ó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó ń ṣí bí ìwé tí omi ti bà jẹ́. Èékánná lásán ni mo fi ń ṣí ewé kan kúrò lórí èkejì. Nínú àwọn kan, mo rí ojú ìkarahun kéékèèké, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Òkìtì rẹ̀ tó wà níta báyìí á tó típà méjì. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ni orí òkìtì náà bá di ẹrọ̀fọ̀, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Ọ̀gá àwọn agbẹ́kànga ní òkúta ni òkúta ń jẹ́, pé kí n kó o sínú ìpìlẹ̀, kí n fi dí ilẹ̀ yàrá kí a tó da kọnkéré lé e, pé kí ni mo tún fẹ́ máa ra hádíkọ̀ fún. Aládùúgbò mi ní tèmi ti dára, pé iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì á sáré wá rà á. Owó ti ń tán lọ́wọ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Kí ni orúkọ òkúta yìí? Ṣé mo lè fi dí ilẹ̀? Ṣé ẹnìkan á rà á? Omi náà kò tíì jáde o.

BírikìlàRẹ́mọ:
Ẹ má kó o sínú ilé. Ọdún 27 ni mo ti ń to búlọ́ọ̀kù láàárín Ṣàgámù sí Ìtọ́rí, èmi àti òkúta yẹn ti mọra. Tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó le. Tí atẹ́gùn àti omi bá ti kàn án, ó padà di amọ̀. Ẹ mú èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ sọ ọ́ sínú ike omi lálẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa.

Ọlọ́fẹ̀ẹ́:
Ìkarahun nínú kànga ní Pápáláńtò? Ọ̀gá, ẹ ti gbẹ́ dé Èkó. Ẹ tún wò ó wò, wúrà lè wà níbẹ̀.

Onímọ̀Ilẹ̀:
Ṣéèlì ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo òkúta tí omi kó jọ láyé, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ó tó ìdajì wọn, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹrẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Odò ló gbé amọ̀ wá sínú òkun tàbí ọ̀sà, tí ó wá ń rọra bà sísàlẹ̀ níbi tí omi ti dákẹ́. Hóró amọ̀ kan kò tó ìdá kan nínú ìdá 250 mìlímítà, kò sì rí roboto bíi yanrìn. Ó rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Tí ìpẹ́ bá ń já bọ́ lórí ìpẹ́, dídùbúlẹ̀ ni gbogbo wọn máa dùbúlẹ̀, kò sí èyí tó máa fi ẹ̀gbẹ́ dúró. Ẹrẹ̀ mìíràn á tún gun orí wọn, á tẹ̀ wọ́n, omi inú wọn á fún jáde, wọ́n á di òkúta. Ìdí tó fi ń ṣí bí ìwé nìyẹn. Ẹrẹ̀ tó di òkúta àmọ́ tí kì í ṣí bẹ́ẹ̀, tó kàn ń fọ́ wómúwómú, a kì í pè é ní ṣéèlì.

Ní àdúgbò yín, òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Òkun yẹn ló kọ́kọ́ fi òkúta ẹfun sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń wa ní Ewékorò, tó nípọn ju mítà 10 lọ ní kúárì. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ wá bo òkúta ẹfun mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn lẹ gbẹ́ kàn. Akinbo ni àwọn onímọ̀ ń pè é nínú ìwé. Nítorí náà ìkarahun tí ẹ rí kì í ṣe àwàdà (Ọlọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbọ́). Ilẹ̀ kan náà yìí ló lọ tààrà wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Òun ni wọ́n ṣe ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì ní Onígbòlò lẹ́bàá Pobẹ̀, àti ní Tabligbo.

Ẹ̀rí tí ẹ lè fi dá a mọ̀ nílé: ọ̀bẹ ń fa ìlà sí i lára. Tí ẹ bá mí sí i, á rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ lọ díẹ̀ kúnná, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: òkúta ẹfun á hó, ṣéèlì kì í sábà hó, àyàfi tí ẹfun bá pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti omi, ihò wà nínú ṣéèlì, àmọ́ wọ́n kéré débi pé omi inú wọn kò lè rìn. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró sínú ṣéèlì, ìkòkò ló gbẹ́, kì í ṣe kànga. Inú yanrìn tó wà lókè rẹ̀ tàbí òkúta ẹfun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni omi máa ń wà. Kí ẹ tó tún san owó fún àwọn agbẹ́kànga, ẹ pe àwọn tó ń rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

TípàNọ́ńbàKan:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ máa ń dẹ́rù bani jù. Mo ti kó òkúta yìí lọ dí ilẹ̀ àbàtà fún èèyàn bíi mẹ́wàá, kò sí ẹni tó padà wá bá mi jà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ da yangí lé e, kí kọnkéré wá bò ó. Ibo ni omi fẹ́ gbà wọlé? Amọ̀ lásán ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé, òmíràn ṣì wà lórí ìdúró ní Abẹ́òkúta títí dòní.

BírikìlàRẹ́mọ:
Ọ̀gá Típà, báwo lẹ ṣe fẹ́ rí ẹni tó máa padà wá? Ẹ já ẹrù sílẹ̀, ẹ gba owó, ẹ lọ. Èmi ni wọ́n ń pè.

Ẹ má fi amọ̀ àwọn bàbá wa wé e. Wọ́n pò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ́ kí ipele kan gbẹ kí wọ́n tó gun èkejì lé e, òrùlé tún yọ jáde kí òjò má bàa fọ ògiri. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí, abẹ́ kọnkéré ló máa wà, á máa mu omi lójò, á máa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Tó bá mu omi, á wú. Tó bá gbẹ, á sún kì. Ní oṣù kẹsàn-án ilẹ̀kùn kò ní tì, tó bá di oṣù kejì ògiri á là láti ojú fèrèsé wá sílẹ̀. Ẹ bi mí níbi tí omi ń gbà? Páìpù balùwẹ̀ kan tó ń jò tó o.

ỌmọPápá:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ ọ́ sómi lálẹ́ yìí, ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ sè é ni. Àmọ́ nǹkan kan wà tí n kò sọ. Àwọn tó jáde kẹ́yìn dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn nǹkan bí ojú abẹ́rẹ́ sì ń dán nínú wọn, àwọ̀ ìyeyè. Tí oòrùn bá kàn án, bíi wúrà ni.

Ọlọ́fẹ̀ẹ́:
Mo sọ ọ́!! Ọ̀gá mi, mo mọ̀ yín láti kékeré.

Onímọ̀Ilẹ̀:
Páírítì ni, irin àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀. Ó ti tan ọ̀pọ̀ awawúrà jẹ. Ẹ dojú táìlì kan dé, kí ẹ fi òkúta náà ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán: wúrà á fa ìlà àwọ̀ ìyeyè, páírítì á fa ìlà dúdú. Tàbí kí ẹ fi òòlù lù ú: wúrà á tẹ́ pẹrẹsẹ, páírítì á fọ́.

Dúdú tó dúdú yẹn, ohun abẹ̀mí tó kú sínú ẹrẹ̀ ló fà á. Níbi tí atẹ́gùn kò sí nínú omi, òkú wọn kì í jẹrà tán. Irú ibẹ̀ náà ni páírítì ti máa ń dàgbà. ỌmọPápá, tí ẹ bá ti rí i, ẹ pa ọ̀rọ̀ dídí ilẹ̀ tì. Ọ̀rọ̀ wíwú amọ̀ kéré lára rẹ̀.

ÌyáÌbejìDublin:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìgbà tí mo dé ibi páírítì, àyà mi já. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àríwá Dublin la ti ra ilé tuntun, 2006. Ilé dáadáa, kọ́kọ́rọ́ ṣì ń dán. Ọdún kẹta, ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò tì mọ́. Ọkọ mi bá fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó tún há, ó tún fá a. Nígbà tó yá, àárín pálọ̀ wú sókè bí àkàrà nínú epo, táìlì ń dún pà, pà, lóru, à ń rò pé olè ni. Ògiri tó pín yàrá là ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀ńjíníà tó wá wò ó lu ilẹ̀ pálọ̀, ó sì kó òkúta tó wà lábẹ́ kọnkéré. Òkúta dúdú tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ ni, òkúta ẹrẹ̀, páírítì kún inú rẹ̀. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa rèé: omi àti atẹ́gùn bá páírítì, ó di ásíìdì. Ásíìdì bá ẹfun tó wà lára òkúta kan náà, wọ́n di jípísọ́ọ̀mù, irú òkúta funfun rírọ̀ kan. Jípísọ́ọ̀mù yìí ń dàgbà láàárín ewé òkúta bí iyọ̀ ṣe ń hù lára ìkòkò, ó ń gba àyè ju ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń ti kọnkéré sókè. Ẹni tó kọ́lé fún wa ti kógbá sílé nígbà náà, kò sí ẹni tí a lè mú.

Kì í ṣe ilé wa nìkan o. Ó pọ̀ débi pé ìjọba Ireland ṣe òfin lórí páírítì ní 2013, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa tún àwọn ilé náà ṣe. Nígbà tó kàn wá, wọ́n ní kí a kó jáde. Wọ́n fọ́ gbogbo ilẹ̀ ilé, wọ́n kó òkúta náà dànù pátápátá, wọ́n kó òmíràn wọlé. Àwọn ìbejì mi sùn nílé ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, ọ̀gá bírikìlà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú: òkúta tiwa kì í yọ̀ lómi. Ì bá ṣe pé a sọ ọ́ sínú ike yín, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni ì bá mọ́ bá a bó ṣe wà.

BírikìlàRẹ́mọ:
Mà, kí ni mo fẹ́ bínú sí? Mo kọ́ ẹ̀kọ́ lónìí. Ẹ kú ìfaradà.

ÀgbàÌjẹ̀bú:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí ẹ ń sọ yìí rán mi létí síléètì. Mo wọ ilé-ìwé ní oṣù kìn-ín-ní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò sí ìwé fún wa ní kíláàsì àkọ́kọ́, síléètì ni. Òkúta tín-ín-rín ni, wọ́n fi pákó yí etí rẹ̀ ká, a ó fi òkúta ẹlẹ́nu ṣónṣó kọ̀wé sí i, á máa dún ṣíríṣírí tí eyín á fi kan èèyàn. Kànrìnkàn la fi ń nù ún, àmọ́ kí n má purọ́ ní ojú àgbà, itọ́ àti apá ẹ̀wù ló yá wa lára. Òjò pa iṣẹ́ àmúrelé mi rẹ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tíṣà kò gbà pé mo ṣe é, ó nà mí. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ó parí: bàbá ẹ á nà ọ́ nílé, tíṣà á nà ọ́ ní kíláàsì.

Síléètì kan ṣì wà nínú àpótí mi, etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ìbéèrè mi ni pé, láti 1955 kò yọ̀ lómi, kò wú. Kí ló dé tí ti ọmọ wa Pápáláńtò ń yọ̀ bí ilá?

Onímọ̀Ilẹ̀:
Bàbá, ẹ káàbọ̀ sínú ọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan ni àwọn méjèèjì. Síléètì ni ṣéèlì tó ti jìyà. Níbi tí ilẹ̀ ńlá méjì bá ti ń ti ara wọn, ṣéèlì tó há sáàárín máa ń rì lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ooru á mú un, agbára á tẹ̀ ẹ́. Àwọn hóró amọ̀ inú rẹ̀ á yí padà di ohun tuntun tí kì í mu omi mọ́, wọ́n á sì kọ ojú síbòmíràn: ibi tí agbára náà ti wá ni wọ́n ń kọ ojú pẹlẹbẹ wọn sí. Nítorí náà ojú tí síléètì ń gbà là kì í ṣe ojú tí ẹrẹ̀ fi bà sílẹ̀. Ojú tuntun ni, ó sì máa ń tẹ́jú ju ti ṣéèlì lọ.

Tí ìyà náà bá tún pọ̀ sí i, á kúrò ní síléètì, á di òkúta tó ń dán yanranyanran bí ìpẹ́. Díẹ̀ lára òkúta àgbègbè Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, ẹrẹ̀ ni wọ́n nígbà láéláé. Ti Pápáláńtò ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò tíì jìyà kankan.

Ọlọ́fẹ̀ẹ́:
Ẹ ò gbọ́ wúrà tó dárúkọ?

Nọ́ọ̀sìBangor:
Bàbá, ẹ kú àgbà. Ó ṣeé ṣe kí síléètì yín ti ìlú tí mo ń gbé báyìí wá, torí Wales kó síléètì ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀ láyé. Kúárì Penrhyn wà ní Bethesda, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkè ni wọ́n gé bí àkàsọ̀, ó ń lọ sílẹ̀ ní ipele-ipele. Gbogbo òrùlé àdúgbò mi, síléètì ni. Ti ilé tí mo háyà ti lé ní 100 ọdún, òjò ibí yìí kì í sì í sinmi. Tábìlì síńúkà náà, síléètì ló wà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Ní 2021 ni UNESCO kọ àgbègbè àwọn kúárì náà sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni orúkọ tí wọ́n fún ìwọ̀n wọn. Bí òkúta òrùlé bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ń fi oyè obìnrin ààfin pè é: Duchess jẹ́ ínǹṣì 24 sí 12, Countess 20 sí 10, Lady 16 sí 8. Bí ẹni ń sọ pé, "Gbé Olorì méjì wá, kí o fi Ìyálóde kan lé e."

Àwọn òṣìṣẹ́ Penrhyn da iṣẹ́ sílẹ̀ láti 1900 títí di 1903. Àwọn ará ibí ṣì ń sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tí wọn kì í tètè sọ ni pé Richard Pennant tó sọ kúárì náà di ńlá, oko ìrèké ní Jàmáíkà ló ń kówó wá fún un, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó tún jókòó sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, ó ń bá àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú jà. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá gbójú sókè wo òrùlé.

Kọ́láHouston:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti epo kún un. Ẹrẹ̀ dúdú tí Onímọ̀Ilẹ̀ ń sọ, tó bá rì jìnnà tí ooru mú un, òkú ẹ̀dá inú rẹ̀ á yọ́ di epo rọ̀bì àti gáàsì. Ní Niger Delta wa, ṣéèlì ni ilé ìdáná tí wọ́n ti se epo náà. Ó sá kúrò níbẹ̀ lọ sínú yanrìn tó wà lókè, ṣéèlì mìíràn sì dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Ohun tí wọ́n kàn ní Ọlọ́ibiri ní 1956 nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń sá jáde. Ní Texas níbí, gáàsì wà nínú ṣéèlì Barnett, gbogbo ayé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì lè jáde fún ìdí kan náà tí omi ỌmọPápá kò fi jáde. George Mitchell, oníṣòwò epo kan, ló takú tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi rí ọgbọ́n rẹ̀ dá lápá ìparí àwọn ọdún 1990: wọ́n ń fi omi alágbára la òkúta náà lábẹ́ ilẹ̀, yanrìn inú omi á há sáàárín ibi tó là kó má bàa padà pa dé. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ yí ẹnu ẹ̀rọ kó máa gbẹ́ lọ ní ìbú, Amẹ́ríkà kún fún gáàsì. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ náà ní tiwọn láti sọ, omi tó ń lò pọ̀ jọjọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Tí ẹ bá yan ṣéèlì kan nínú iná tó tó 1,000 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì sókè, gáàsì inú rẹ̀ á wú u bíi búrẹ́dì, á fúyẹ́, á sì le. Stephen Hayde ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1918. Wọ́n fi po kọnkéré, wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi! Selma ni wọ́n sọ ọ́, 1919. Ó forí sọlẹ̀, wọ́n sì rì í mọ́ tòsí Galveston ní 1922. Mo ti wa ọkọ̀ lọ wò ó, orí rẹ̀ ṣì yọ lójú omi.

TípàNọ́ńbàKan:
Wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yin ní kò ṣe é fi dí yàrá.

Kọ́láHouston:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n yan án ná!

ỌmọKúárì:
Ní ti pé iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì á rà á: rárá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kúárì, n kò ní sọ ti ta ni. Lóòótọ́, sìmẹ́ńtì kò ṣeé ṣe láìsí amọ̀. Òkúta ẹfun bí ìdá mẹ́rin, amọ̀ tàbí ṣéèlì bí ìdá kan, a lọ̀ wọ́n pọ̀, a sun wọ́n nínú ààrò gígùn tó ń yí, ooru ibẹ̀ dé 1,450. Amọ̀ ló ní ohun tó máa mú ẹfun dì. Ohun tó bá jáde rí kóró-kóró, a fi jípísọ́ọ̀mù díẹ̀ kún un, a lọ̀ ọ́, ó di sìmẹ́ńtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti 1960 tí Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ṣéèlì ló bo òkúta ẹfun lórí. Kí ọwọ́ wa tó tẹ òkúta ẹfun, a ti ní láti wa òun kúrò ná. Tiwa pọ̀ títí, òmíràn la kàn ń kó tì. Kí ni a fẹ́ fi típà méjì ṣe? Lójò, òun ni ọ̀tá wa: ọ̀nà kúárì á máa yọ̀, ọkọ̀ ńlá á máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Alámọ̀Ìpetumodù:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Amọ̀kòkò ni mí, ìyá mi àti ìyá rẹ̀ náà ṣe é. N kò mọ ṣéèlì, àmọ́ mo mọ amọ̀. Tí èyí tí òjò pa bá ń fà nílẹ̀, tí ẹ lè fi ọwọ́ yí i bí okùn kó má ṣẹ́, ẹ fi àpò méjì ránṣẹ́ sí mi, màá san owó ọkọ̀. Ẹfun tí ẹ ní ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Tí hóró ẹfun bá wà nínú amọ̀, ìkòkò á jáde nínú iná láìní àbùkù, ẹ ó gbé e sílẹ̀, ẹ ó máa yọ̀. Lọ́jọ́ kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ́ẹ́, ara rẹ̀ á máa ṣí ní ojú-ojú. Oníbàárà á ní ẹ lu òun ní jìbìtì.

ỌmọPápá:
Mo dé o. Mo dọ́bálẹ̀ fún gbogbo yín, Bàbá Ìjẹ̀bú ni mo fi ṣáájú.

Ìròyìn ike omi: òkúta aláwọ̀ eérú kò dúró dàárọ̀. Kò tó wákàtí kan tó ti ń hó wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń mí, ewé rẹ̀ ń ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdájí, ẹrẹ̀ ló wà nídìí ike, n kò rí ohun kan mú jáde. Ti dúdú là sí méjì péré, ó sì le síbẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti Mà tó wà ní Dublin, mo ti fẹ́ sọ pé ó yege. Mo fi ha ẹ̀yìn táìlì: ìlà dúdú. Ọlọ́fẹ̀ẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́.

Mo ti ra yangí típà mẹ́ta àti gíráníìtì díẹ̀. Ó dùn mí lápò, àmọ́ mo ti rà á. Ọ̀gá BírikìlàRẹ́mọ ti wá wo ibẹ̀, ó ní kí n gbé ojú gọ́tà jìnnà sí ìpìlẹ̀, kí n má sì gbin igi ńlá sí tòsí ògiri, torí igi ń fa omi inú amọ̀, amọ̀ á sún kì. Ó ní kí a wa ìpìlẹ̀ jìn ju bó ṣe wà lọ, kí a sì fi irin kún un.

Àwọn tó ń rán iná sínú ilẹ̀ náà ti wá. Wọ́n ní ṣéèlì ṣì tó mítà mẹ́jọ nísàlẹ̀ ibi tí a dúró sí kí a tó kan òkúta ẹfun, pé dígà kò lè débẹ̀. Bóhóòlù ni, tó bá yá. Ní báyìí a ti fi búlọ́ọ̀kù yí ihò tí a gbẹ́ ká, omi òjò òrùlé la fẹ́ máa dà sí i. Onímọ̀Ilẹ̀ ló ní ìkòkò ni mo gbẹ́, mo wá rò ó pé kí ni à ń fi ìkòkò ṣe?

Àpò méjì ti wà ní gáréèjì Pápáláńtò, Mà, wọ́n á gbé e dé Ifẹ̀ lọ́la.

Onímọ̀Ilẹ̀:
Ẹ rẹ́ ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o. Ṣéèlì kì í jẹ́ kí omi lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò á máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀, yanrìn òkè á sì máa fa omi mu.

Alámọ̀Ìpetumodù:
Àpò dé ọwọ́ mi ní oṣù kan sẹ́yìn. Mo rẹ ẹ́, mo fi asẹ́ aṣọ sẹ́ ẹ, mo pò ó mọ́ amọ̀ tiwa ní ìdajì-ìdajì, torí òun nìkan ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jù, ó sì ń là bó ti ń gbẹ. Mo mọ ìsáàsùn kéékèèké márùn-ún, mo sun wọ́n pẹ̀lú ti ọjà. Ọ̀kan fọ́ nínú iná. Mẹ́rin jáde, wọ́n pupa ju tiwa lọ, pupa dáadáa bí osùn. Mo gbé wọn sórí pẹpẹ, mo ń dúró de ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀kan ta pẹ́ẹ́ ní etí, hóró funfun kékeré kan wà nídìí ibi tó ṣí. Mẹ́ta tó kù ti pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí, mo ti se ẹ̀fọ́ nínú ọ̀kan.

ỌmọPápá, tí ẹ bá tún fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ bá mi ṣa èyí tó wà lókè òkìtì nìkan, èyí tí òjò ti pa dáadáa. Ẹ má fi ti ìsàlẹ̀ kún un.